Kì í ṣe owó ìlú ló sọ rédíò di ẹnu ìjọba

"Tìjọba ni, kí lẹ tún fẹ́ kó sọ?" Ẹ lè gbọ́ ọ ní ìdí àtẹ ìwé ìròyìn, ẹ sì lè gbọ́ ọ nínú dánfó tí awakọ̀ ti yí rédíò sókè. Bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gómìnà ti lọ ṣí gọ́tà, èrò á pòṣé. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ẹni tó ń bọ́ni ló ń pàṣẹ fúnni, pé rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n tó bá ti ń jẹ nínú àpò ìlú, dandan ni kó máa ki ìjọba. Ibi tí wọ́n máa ń já ọ̀rọ̀ náà sí kò yàtọ̀: kí wọ́n yéé fi owó ìlú bọ́ wọn, kí aládàáni máa ṣe é, ẹni tó bá wù á wò ó.

Mo mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, etí mi náà kò di. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "owó ìjọba" kúrò lọ́nà, torí kò gba àkókò. Ìjọba ò dáko, kò sì ní ṣọ́ọ̀bù. Owó tí wọ́n kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún NTA, fún Rédíò Nàìjíríà, fún BCOS ní Ìbàdàn tàbí OGBC ní Abẹ́òkúta, owó epo rọ̀bì tó jẹ́ ti gbogbo wa ni, owó orí tí wọ́n yọ nínú owó oṣù tíṣà ni, VAT 7.5% tó wà nínú káàdì tí alákàrà rà sórí fóònù láàárọ̀ ni. Ẹni tó ń pòṣé nínú dánfó yẹn wà lára àwọn tó ń sanwó oṣù fún ẹni tó ń ka ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba ló le. Ní 1953, ọ̀rọ̀ òmìnira ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn olóṣèlú Nàìjíríà. Gómìnà tí Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ lórí wa, Sir John Macpherson, bọ́ sórí rédíò, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì. Wọn ò gbà. Orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò yẹn ni Nigerian Broadcasting Service, 1951 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Tom Chalmers tí wọ́n yá wá láti BBC sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun lọ sí Suez ní Íjíbítì. Olórí ìjọba wọn, Anthony Eden, bá àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá, 1956. Hugh Gaitskell tó ń darí ẹgbẹ́ alátakò ní òun fẹ́ fèsì. Eden ò fẹ́ ẹ rárá, ó ní ìlú wà lójú ogun. Ìjọba sì ń halẹ̀ pé àwọn á gé owó ẹ̀ka BBC tó ń sọ̀rọ̀ sí òkè òkun. BBC fún Gaitskell láyè lọ́jọ́ kejì, ó sì sọ tẹnu rẹ̀ tán pátá.

Ẹ gbé méjèèjì síra wọn. Owó ará ìlú ló ń gbé ti Èkó, owó ará ìlú ló ń gbé ti Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ kan náà ni àwọn ọ̀gá wọn ti kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀ ọ̀kan sé ẹnu alátakò, ìkejì ṣí i fún un. Ìdí rẹ̀ ni pé NBS jẹ́ ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, bíi ti àwọn tó ń la ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀gá, ọ̀gá yẹn sì wà nílé gómìnà. BBC ní ìwé àṣẹ ọba tirẹ̀, ó ní ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso rẹ̀, owó láìsẹ́ǹsì tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Eden lè bínú, kò lè fi lẹ́tà kan lé ọ̀gá BBC lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àbùkù 1953 yẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959. (Wọ́n máa ń ní òun ló kọ́kọ́ dé gbogbo Áfíríkà. Mòrókò àti Àlùjéríà ti ní tẹlifíṣọ̀n ṣáájú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀ àwa adúláwọ̀, ìyẹn náà sì tó fi yangàn.) Rédíò WNBS tẹ̀lé e. Ẹ̀yin náà á rò pé ẹni tí wọ́n ti sé ẹnu rẹ̀ rí á kọ́ ilé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè fi sé ẹnu ẹlòmíì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e sábẹ́ ìjọba, ẹni tó bá gba ilé ìjọba ló gbà á. Nígbà tó fi máa di 1965, Awólọ́wọ̀ ti wà lẹ́wọ̀n, Akíntọ́lá ló di ìpínlẹ̀ mú, ohùn rẹ̀ nìkan ló sì ń jáde lórí rédíò tí wọ́n torí àìgbọ́hùn dá sílẹ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, lẹ́yìn ìbò tó dàrú, ẹnìkan gbé ìbọn wọ WNBS, ó ní kí wọ́n yọ téèpù Akíntọ́lá kí wọ́n fi tòun sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Owó kọ́ ló fa àyípadà tó wáyé láàárín 1959 sí 1965. Ẹni tó di okùn mú ló yí padà, okùn yẹn gan-an sì ni àléébù. Bó ṣe rí títí dòní nìyẹn: Ààrẹ ló ń yan ọ̀gá àgbà NTA, gómìnà ló ń yan ti ìpínlẹ̀, gómìnà tuntun kì í sì í pẹ́ kó tó yọ èyí tó bá níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ìròyìn aago méje lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, kí lẹ fẹ́ kó kà?

Ibòmíì ti já okùn náà. Ní Jámánì, ilé kọ̀ọ̀kan ń san €18.36 lóṣù láti 2021 fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ará ìlú. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní KEF ló ń ṣírò iye tó tọ́, kì í ṣe mínísítà kankan. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Sachsen-Anhalt kọ̀ láti fọwọ́ sí àfikún rẹ̀, ilé ẹjọ́ ìwé òfin tó wà ní Karlsruhe ní kí àfikún náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló sọ ní 2014 pé àwọn olóṣèlú àtàwọn tó sún mọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú ìgbìmọ̀ tẹlifíṣọ̀n ZDF. Amẹ́ríkà ò ṣe tirẹ̀ báyẹn. Òfin 1967 dá àjọ kan sílẹ̀ tí á máa pín owó fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ará ìlú, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aṣòfin ni owó náà ń gbà. Ní oṣù keje 2025, wọ́n fagi lé $1.1 bílíọ̀nù tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un. Ní oṣù kẹjọ, àjọ náà kéde pé òun ń kógbá sílé. Àwọn rédíò kéékèèké tó wà ní ìgbèríko, tí wọn ò rí olówó ìpolówó, ló gbára lé e jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ tiyín. £174.50 ni láìsẹ́ǹsì fún ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025, ọ̀pọ̀ ló sì ń sọ pé "Èmi kì í wo BBC, kò kàn mí." Ó kàn yín. Bí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n èyíkéyìí bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, títí kan ìkànnì Nàìjíríà tí ẹ fi díìṣì fà, ẹ gbọ́dọ̀ ní in.

Ó wá ku ti eré. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbà pé kí owó ìlú gbé ìròyìn ló ń sọ pé àwàdà kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba, kí ọjà gbé e. Wọ́n á ní ta ló fún àwọn onífíìmù wa ní kọ́bọ̀? Ẹ béèrè ibi tí àwọn baba wọn ti wá. Orí WNTV ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti wọ pálọ̀ àwọn èèyàn ní àwọn ọdún 1960, tòun ti jígí ojú tí kò ní gíláàsì àti aago tábìlì tó so kọ́rùn. Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó di NTA Ìbàdàn, ibẹ̀ ni Yẹmí Ẹlẹ́buìbọn ti gbé Ifá Ọlọ́kun Asọ̀rọ̀dayọ̀ jáde, eré tó ń fi ẹsẹ Ifá pa ìtàn. Mi ò mọ ilé iṣẹ́ ọṣẹ tí ì bá gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ nígbà náà. Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ gbìyànjú ọjà ní 1982. Ó yáwó ṣe fíìmù tirẹ̀, àwọn aṣàdàkọ jí i, wọ́n ń tà á, gbèsè náà sì kù sí i lọ́rùn.

Ọjà òde òní náà kò láàánú. Amazon Prime wọ Nàìjíríà tìlù-tìfọn, wọ́n fọwọ́ síwèé pẹ̀lú àwọn onífíìmù, àmọ́ ní oṣù kìíní 2024 wọ́n ní àwọn ò ní gbé eré tuntun kalẹ̀ ní Áfíríkà mọ́. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn jà, owó wọn ni. Amúlùdùn FM tó wà ní Mọ́níyà, tó ń fi Yorùbá ṣe tirẹ̀, owó ìjọba àpapọ̀ ló gbé e dúró. Kódà BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ fún BBC World Service ló bí i. Ẹni tó ń san owó orí ní Manchester ń bá wa sanwó fún ìròyìn èdè wa. Ìyẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀ tán.

Àwọn tó ní kí a febi pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìlú kí wọ́n lè lómìnira, ẹ wo ohun tí ebi ń ṣe. Ilé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ò tó á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìròyìn. Ẹ ti rí i: olóyè kan pé àádọ́rin ọdún, kámẹ́rà á rọra yí tábìlì ká, wọ́n á ka orúkọ àwọn tó bá a jó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wà láàárín ìròyìn, olóyè ló sì sanwó rẹ̀. Àgbẹ̀ tí òjò ba oko rẹ̀ jẹ́ ò ní irú owó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n máa bu owó láìsẹ́ǹsì lé wa lórí bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ó ti wà lórí wa tipẹ́. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin 1999 kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni kó máa gba owó láìsẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ akẹ́rù tàbí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ mọ sítíkà náà dáadáa: àwọn agbowó á dá a dúró lójú títì, wọ́n á ní kó mú ìwé rédíò wá, ì báà jẹ́ wáyà tó já ló kù níbi tí rédíò ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Àpò ìjọba ìbílẹ̀ ni owó náà ń wọ̀. Kò sí ìlà kan nínú Àfikún yẹn tó ní kí wọ́n fún ilé iṣẹ́ rédíò kankan ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.