Standard, Deluxe tàbí Premium Deluxe: Ohun Tí Owó Ń Rà Nínú Flight Simulator

Òkúta Zuma wà nínú gbogbo ẹ̀dà Microsoft Flight Simulator, géèmù tí wọ́n fi ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, torí ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kubwa, Lugbe tàbí Gwagwalada, tí wọ́n fẹ́ ra géèmù náà, ni pé: “Tí mo bá ra èyí tówó ẹ̀ kéré jù, ṣé màá rí Abuja níbẹ̀?” Wọ́n máa rí i. Nígbà tí ti ọdún 2020 jáde, 60 dọ́là ni Standard, 90 ni Deluxe, 120 ni Premium Deluxe. Ilẹ̀ kan náà làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń fò lé lórí. Adágún Usuma, Aso Rock, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Kaduna, kò sí èyí tí wọ́n gbé pamọ́ de ẹni tó sanwó jù. Ohun tí owó àlékún yẹn ń rà jìnnà sí Nàìjíríà, ó sì dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n kó tó na káàdì báńkì rẹ̀ sí i.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ayé inú géèmù náà ló fà á. Iléeṣẹ́ Asobo Studio ní ìlú Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, ló ṣe é fún Microsoft, ó sì jáde fún kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ti yà láti òkè, èyí tí Microsoft kó jọ fún Bing Maps, ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Iléeṣẹ́ míì, Blackshark.ai, tó wà ní Graz lórílẹ̀-èdè Austria, wá kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa wo òrùlé inú àwòrán náà, kó sì gbé ògiri sábẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ Kubwa nílé kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà rí páànù, ó wo àwọ̀ ẹ̀ àti bó ṣe fẹ̀ tó, ó sì fojú díwọ̀n bí ilé náà ṣe máa ga tó. Níbi tí ẹnì kan bá ti kọ iye àjà ilé sórí OpenStreetMap, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, ó máa ń lo ìyẹn. Ẹnì kan ti ṣèèṣì kọ 212 dípò 2 fún ilé kan ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Australia. Nígbà tí géèmù náà jáde, àwọn tó fò gba ibẹ̀ kọjá bá ilé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ gogoro sójú ọ̀run láàárín àwọn ilé kúkúrú. Irú iṣẹ́ yìí kan náà ni kọ̀ǹpútà ṣe fún Wuse àti fún Sabon Gari ní Kano, ẹ̀dà yòówù kéèyàn rà. Àwọn ìlú bíi San Francisco àti London rẹwà jù bẹ́ẹ̀ lọ torí pé igun púpọ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán wọn, tí ilé kọ̀ọ̀kan fi jọ ara rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyẹn náà ò ní í ṣe pẹ̀lú Standard tàbí Deluxe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti pápákọ̀ òfurufú. Nǹkan bí 37,000 ló wà nínú ẹ̀dà 2020, kọ̀ǹpútà ló sì to èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tí gbọ̀ngàn èrò, ilé gogoro àwọn tó ń darí bàálù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí fi rí bí wọ́n ṣe rí lójú ayé, 30 péré ni nínú Standard nígbà tó jáde, 35 nínú Deluxe, 40 nínú Premium Deluxe. Pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe, tí wọ́n ń fi DNAA pè, kò sí lára 40 yẹn. Mallam Aminu Kano kò sí níbẹ̀. Kaduna kò sí níbẹ̀, Ilorin kò sí níbẹ̀, kódà Ikẹjà kò sí níbẹ̀. Kò sí iye téèyàn máa san lórí ẹ̀dà tó máa sọ gbọ̀ngàn Abuja di bó ṣe yẹ kó rí. Ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ géèmù tó ń kọ́ pápákọ̀ fúnra wọn nìyẹn wà. Àwọn kan ń tà á, àwọn kan ń fi tọrẹ. Wọ́n máa ń gba iṣẹ́ wọn sílẹ̀ sínú fódà tó ń jẹ́ Community, fódà náà sì ń ṣiṣẹ́ nínú Standard bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú Premium Deluxe.

Kí wá ni àwọn 5 àti 10 tó lé? Deluxe fi Cairo, Cape Town, Amsterdam, Madrid àti O'Hare ti Chicago kún un. Premium Deluxe tún fi Heathrow ti London, Frankfurt, Dubai, Denver àti San Francisco lé ìyẹn. Ẹni tó ń gbé Abuja mọ àwọn kan nínú orúkọ yìí dáadáa. Bàálù tó gbéra ní Heathrow lóru, tó ń balẹ̀ sí Abuja ní ìdájí, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti dúró de èèyàn wọn nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìrìn yẹn gan-an lẹnì kan fẹ́ máa wà, Premium Deluxe fún un ní Heathrow tó jọ Heathrow, ó sì fún un ní Boeing 787-10 tó lè ná ọ̀nà náà láìsọ̀ kalẹ̀. Òun nìkan ni mo lè sọ fún láìṣiyèméjì pé kó ra èyí tó wọ́n jù. Síbẹ̀, Heathrow ò ṣófo nínú Standard. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà lé wà ní àyè wọn, gígùn wọn pé. Ìrísí gbọ̀ngàn àti ilẹ̀kùn ni kò jọ ti òótọ́.

Ọ̀rọ̀ bàálù gba sùúrù díẹ̀. Nígbà tó jáde, Standard 2020 ní 20, Deluxe ní 25, Premium Deluxe ní 30. Nínú márùn-ún tí Deluxe fi kún un ni Cessna 172 tó ní aago alábẹ́rẹ́ wà, torí ojú gíláàsì bíi ti kọ̀ǹpútà ni ti 172 inú Standard ní. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbèrò àtilọ sí Nigerian College of Aviation Technology ní Zaria, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ òfurufú láti 1964. Aago alábẹ́rẹ́ mẹ́fà máa ń kọ́ ojú bó ṣe ń rìn: láti ibi tí bàálù kọ imú sí, lọ sórí eré rẹ̀, lọ sórí bó ṣe ga tó, kó tún padà. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá ti mọ ìrìn yẹn kì í sọnù nígbà tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo iwájú. Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í tẹnu mọ́ ni pé Cessna 152 wà nínú Standard, aago alábẹ́rẹ́ ló sì ní. Ó kéré sí 172, ó lọ́ra jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ló ń kọ́ni. Kò sídìí fún akẹ́kọ̀ọ́ láti san 30 dọ́là lé e nítorí aago.

Àwọn tó fẹ́ ọkọ̀ ńlá ńkọ́? Airbus A320neo àti Boeing 747-8 ti wà nínú Standard. Boeing 737 táwọn ará Abuja ń wọ̀ lọ sí Èkó kò sí nínú èyíkéyìí nínú ẹ̀dà 2020 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta á, iléeṣẹ́ PMDG sì gbé tiwọn jáde ní 2022. Ní ti A320, àwọn ọ̀jáfáfá kan tó ń jẹ́ FlyByWire tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń fi í tọrẹ fún gbogbo ènìyàn, ó sì jinlẹ̀ débi pé èèyàn lè fi oṣù méjì kọ́ bọ́tìnnì ẹ̀. Ọ̀fẹ́ yẹn lérè ju bàálù mẹ́wàá àlékún lọ lójú tèmi.

Ibi tí yíyàn ti le gan-an ni láàárín 2020 àti 2024. Flight Simulator 2024 jáde lọ́jọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ní ẹ̀dà mẹ́rin: Standard ní 69.99 dọ́là pẹ̀lú bàálù 70, Deluxe ní 99.99 pẹ̀lú 80, Premium Deluxe ní 129.99 pẹ̀lú 95, àti Aviator ní 199.99 pẹ̀lú 125. Ọgbọ̀n bàálù tí Aviator fi ju Premium Deluxe lọ jẹ́ èyí tí Microsoft ti tà ní ẹyọ ẹyọ fún ẹ̀dà 2020, nítorí náà ẹni tó ti ra púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀ máa sanwó ohun tó ti ní. Ibi tí wọ́n ti ń fi bàálù ṣiṣẹ́ ajé, tí wọ́n ń gbé èrò, pa iná igbó tàbí wá ẹni tó sọnù, wà nínú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo omi ilé. Ẹni tó ní tánkì ńlá máa ń náwó kíkún un lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń pọnmi nínú ẹ̀ kódà nígbà tí kò sómi níta. Ẹni tí kò ní tánkì ń pe mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, lójoojúmọ́. Tí mai ruwa ò bá ti ẹrù omi ẹ̀ wá, kòkò gbẹ nìyẹn. Tánkì ni 2020. Ó ń gba nǹkan bí 150 GB lórí kọ̀ǹpútà, bàálù àti pápákọ̀ sì wà nínú ilé. Mai ruwa ni 2024. Wọ́n ní 50 GB àyè ti tó fún un, torí ó ń fa púpọ̀ nínú bàálù, ilẹ̀ àti pápákọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì bí èèyàn ṣe ń lò ó. Ní ti eré íntánẹ́ẹ̀tì, 10 Mbps ni wọ́n kọ pé ó kéré jù, 50 ni wọ́n dámọ̀ràn. Tí 10 Mbps bá ń ṣàn láìdábọ̀ fún wákàtí kan, 4.5 GB ló jẹ́. Kì í fìgbà gbogbo ṣàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra dátà lórí fóònù mọ ohun tí irú iye bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún àpò. Lọ́jọ́ tó jáde gan-an, èrò pọ̀ lórí sáfà Microsoft débi pé ọ̀pọ̀ tó ti sanwó kò rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ̀dà 2020 náà ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó gbà kéèyàn dí ojú ẹ̀rọ omi. Nínú ètò tí wọ́n pè ní Data, èèyàn lè pa àwòrán Bing, pa ojú ọjọ́ gidi, pa àfihàn àwọn bàálù tó ń fò lójú ayé gan-an, kó sì fi òdiwọ̀n sí dátà tó lè jẹ. Ó tún ní manual cache, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn sàmì sí agbègbè kan lórí máàpù, bíi Abuja títí dé Kaduna, kó gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì dáa, kó máa fò lórí ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé Standard 2020 ṣì ni ó bá ilé púpọ̀ mu lápá ibí yìí, tí kì í bá ṣe ẹni tó ní fáíbà tó dúró ṣinṣin.

Ìṣọ́ra wà nínú ibi tí wọ́n ti ń rà á. Èyí tí wọ́n rà ní Microsoft Store máa ṣí lórí ẹ̀rọ géèmù Xbox àti kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àkáǹtì kan. Ti Steam, ilé ìtajà géèmù míì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ò ní ṣí lórí Xbox. Ẹni tó ra Standard lè sanwó àlékún sí Deluxe lọ́jọ́ iwájú, kìkì pé inú ilé ìtajà kan náà ló ti gbọ́dọ̀ san án. Steam máa ń dá owó padà láàárín ọjọ́ 14 bí wọn ò bá tíì lò ó kọjá wákàtí 2. Ìkẹ́kùn tó wà níbẹ̀ nìyí: díẹ̀ ni Steam fúnra ẹ̀ ń gbà sílẹ̀ nínú ẹ̀dà 2020, inú géèmù tó ti ṣí ni ìyókù ti ń wọlé, aago Steam sì ń ka gbogbo rẹ̀ mọ́ wákàtí ìlò. Ní 10 Mbps, 150 GB máa gba nǹkan bíi wákàtí 33. Kí bàálù kan tó gbéra, wákàtí 2 ti lọ.

Kọ̀ǹpútà náà ní ìpín tirẹ̀. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 8 GB ni wọ́n kọ pé ó kéré jù fún 2020, 16 ni èyí tó dáa. 2024 bẹ̀rẹ̀ láti 16, ó sì fẹ́ 32. Iye tó wà láàárín Standard àti Premium Deluxe lè di RAM fún kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á ní Banex Plaza ní Wuse 2, ìyàtọ̀ rẹ̀ á sì hàn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fò, kì í ṣe ní Frankfurt nìkan. Ẹni tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dà rárá lè wo X-Plane 12, géèmù bàálù míì: ẹyọ kan ni, ó ní èyí tí wọ́n ń fi dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́, ayé ẹ̀ sì wà lórí kọ̀ǹpútà.

Ìrìn àkọ́kọ́ tó dáa láti fi mọ̀ bóyá Standard tó, láti DNAA sí Kaduna ni, nínú Cessna 152. Kaduna yìí ni àwọn bàálù ńlá ń balẹ̀ sí dípò Abuja ní 2017, nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ Abuja pa láti oṣù Kẹta wọ oṣù Kẹrin láti tún ojú ọ̀nà ẹ̀ ṣe, tí Kaduna ń gba èrò rẹ̀. Nǹkan bí 190 kìlómítà ni, ó máa gba bíi wákàtí kan. Ẹ kọ imú sí àríwá lẹ́yìn tí ẹ bá gbéra. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, òkúta Zuma á wà lápá òsì yín.