Toughened glass: ihò ológbò ní í ṣáájú iná

Ọmọ mi obìnrin ló gbé ológbò wọlé. Kò tíì pé oṣù méjì tí mo ti di aṣọ́nà rẹ̀. Aago mẹ́ta òru, ẹ ó gbọ́ ọ nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé: "myáù, myáù." N ó dìde, n ó ṣílẹ̀kùn. Yóò wo òjò London níta, yóò wo ojú mi, yóò sì yí padà lọ sórí àga bí ẹni pé èmi ni mo pè é. Ọjọ́ tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru kan ṣoṣo ni mo pinnu pé cat flap ló kù.

Cat flap ni ilẹ̀kùn pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n ń fi sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ńlá: abala ike kan tó ń fì síwá sẹ́yìn, tí ológbò ń fi orí tì kó tó kọjá. Ó ti pẹ́ tí irú nǹkan yìí ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Kàtídírà Exeter, ihò ológbò kan wà lára ilẹ̀kùn pákó àtijọ́ kan. Ní 1598 ni wọ́n san pẹ́ńsì mẹ́jọ fún àwọn káfíńtà láti gé e fún ológbò Bíṣọ́ọ̀bù William Cotton. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi lórí fóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Bíṣọ́ọ̀bù kẹ̀? Òun àti ológbò?" Ẹ kúkú mọ ojú tí àwọn àgbà wa fi ń wo ológbò.

Àmọ́ pákó ni ilẹ̀kùn bíṣọ́ọ̀bù. Gíláàsì ni tèmi, láti òkè délẹ̀. Mo ra ẹnu dírílì tí wọ́n ṣe fún gíláàsì, tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀kọ̀, mo fi ìkọ̀wé ya òbìrí kan sára ilẹ̀kùn, mo ní n ó lu ihò kéékèèké yí i ká kí n tó gé e yọ. Ọmọ mi ń bu omi sí i kó má baà gbóná. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Gbòà! Gíláàsì náà kò sán, bẹ́ẹ̀ ni kò là sí méjì. Gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀ ló tú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ya lulẹ̀ bí ìgbà tí àpò àgbàdo bá bẹ́. Ẹsẹ̀ mi wà láàárín rẹ̀, kò sì gé mi ju ojú méjì péré lọ. Ológbò wà lórí àga, ó ń wò mí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyí: gíláàsì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi lè gé e, àti ọ̀nà wo ni àwọn ológbò tó ń gba inú ilẹ̀kùn gíláàsì kọjá fi rí ihò gbà.

Toughened glass ni wọ́n ń pè é. Tempered glass ni orúkọ rẹ̀ kejì, èyí tí ẹni tó bá ti ra ìbòjú fóònù ní Computer Village Ìkẹjà mọ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú iyọ̀ tó yọ́ ni wọ́n sábà máa ń ti le ti fóònù. Ti ilẹ̀kùn, iná àti atẹ́gùn ni.

Gíláàsì lásán ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, irú èyí tó wà lójú fèrèsé àtijọ́. Wọ́n á gé e dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fá etí rẹ̀ kó dán. Wọ́n á wá tì í sínú iléru tí ooru rẹ̀ ju 600 lọ ní ìwọ̀n Celsius, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rọ̀. Bó bá ti ń jáde, wọ́n á da atẹ́gùn tútù bò ó lójú méjèèjì, kíákíá. Ẹ̀yin tó ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí ẹ ti rí irú rẹ̀: àdá tó pọ́n wẹ̀, wọ́n á tì í bọ omi, ṣáàà.

Ibi tí ọgbọ́n náà wà ni pé ara kò tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú méjèèjì tí atẹ́gùn fẹ́ sí ló kọ́kọ́ tutù, tó sì le gan-in. Inú ṣì gbóná. Nígbà tí inú náà wá ń tutù, ó fẹ́ sún kì, nítorí pé ohun gbígbóná tó bá ń tutù á máa sún kì. Àmọ́ ojú ti le tán, kò gbà fún un. Inú wá ń fa ojú mọ́ra, ojú ń kọ̀, wọ́n sì di ara wọn mú síbẹ̀. Ìfà náà kò tán láéláé. Ó wà nínú gíláàsì tí ẹ ń nù lọ́jọ́ Sátidé, bó ti dákẹ́ tó yẹn.

Èmi máa ń fi ìlù gángan wò ó. Awọ gángan kì í dún bí osán kò bá fà á le. Fífà yẹn gan-an ló sọ ọ́ di ìlù. Ẹ wá fi ọ̀bẹ tọ́ ọ níbi kékeré kan nígbà tí onílù bá fún un mọ́ra, ẹ ó rí i bí yóò ṣe ya lọ.

Agbára gíláàsì yìí ti inú ìfà náà wá. Gíláàsì kì í ṣàdédé fọ́: ìlà kékeré kan ló máa ń wà lójú rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí. Bí nǹkan bá tẹ gíláàsì, ẹnu ìlà náà á là, á sì sá lọ. Lára toughened, ojú ti fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ìlà kò ráyè là. Ìdí nìyẹn tó fi lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún gíláàsì lásán tí wọ́n jọ nípọn bákan náà. Ọmọdé lè sáré gbá orí mọ́ ọn, kí nǹkan kan má sì ṣe gíláàsì.

Àmọ́ awọ tó fún pọ̀ yẹn kò nípọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni lójú kọ̀ọ̀kan. Bí gíláàsì bá jẹ́ mílímítà 4, awọ rẹ̀ kò pé mílímítà kan. Dírílì mi la awọ yẹn kọjá, ó kan inú tí ń fà, gbogbo ìfà tí wọ́n ti há mọ́bẹ̀ láti iléru sì bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé mo tẹ̀ ẹ́ jù, kì í sì í ṣe pé ẹnu dírílì kò dára. Bí mo bá fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, ibi kan náà ló máa já sí.

Ẹ̀kán omijé Rupert fi èyí hàn jù ohunkóhun lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ kí gíláàsì yíyọ́ kán sínú omi tútù, yóò di nǹkan olórí róbótó tó ní ìrù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi òòlù lu orí rẹ̀, kò ní fọ́. Ẹ fi ọwọ́ ṣẹ́ ìrù rẹ̀ péré, gbogbo rẹ̀ á di ìyẹ̀fun. Ọmọba Rupert ló mú un wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ọba Charles Kejì ní nǹkan bí 1660. Ohun tó ṣe ilẹ̀kùn mi kò yàtọ̀ sí i.

Fífọ́ wẹ́wẹ́ náà ní àǹfààní tirẹ̀. Gíláàsì lásán máa ń fọ́ sí abala gígùn tó mú bí abẹ, èyí tó lè pa ènìyàn. Toughened ń di hóró hóró. Ẹni tó bá ti rí ibi tí ọkọ̀ gbé kọ lura ní Èkó ti rí méjèèjì: gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ a máa tú ká ojú títì bí iyọ̀ òkúta, ti iwájú a máa sán bí òwú aláǹtakùn ṣùgbọ́n kò ní jábọ́, nítorí pé ike ló wà láàárín gíláàsì méjì níbẹ̀. Laminated ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ilé kíkọ́, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Approved Document K, sọ pé gíláàsì tó bá wà lára ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀ dé mílímítà 1,500, gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí kì í ṣe ènìyàn léṣe tó bá fọ́. Ológbò kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí òun máa gbà ni ibi tí òfin ń sọ gan-an. Nítorí náà, ilẹ̀kùn gíláàsì tí kò bá tíì gbó jù, ẹ kà á sí toughened títí ẹ ó fi rí ohun mìíràn.

Oníṣẹ́ gíláàsì tó wá wo èyí tó kù fún mi kò tilẹ̀ béèrè ẹni tó fọ́ ọ. Ó rí dírílì nílẹ̀. Méjì ni gíláàsì ilẹ̀kùn náà, ti inú ni mo fọ́. Ó fi ìka tọ́ igun ìsàlẹ̀ ti ìta, tí kò fọ́ ní tirẹ̀. Àmì kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná àtàńpàkò lọ, tí mo ti ń nù kọjá láti ọdún yìí wá: BS EN 12150. Nọ́ńbà toughened nìyẹn. Lára èyí tó ti pẹ́, BS 6206 lẹ ó rí, àmọ́ òun lè wà lára laminated náà. Bí àmì bá ti fara sin, ẹ wọ awò oòrùn polarised, kí ẹ wo gíláàsì náà ní ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ẹ lè rí àmì tó-tò-tó lára rẹ̀ bí ara ẹkùn. Ibi tí atẹ́gùn iléru ti fẹ́ sí i nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Toughened a máa fọ́ nígbà mìíràn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Gíláàsì tábìlì á wà jẹ́jẹ́, á dédé bú. Hóró nickel sulphide kan ló lè há sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, kó wá máa wú díẹ̀díẹ̀ níbi tí ń fà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí yóò fi la gíláàsì. Ẹ rántí èyí kí ẹ tó pe wòlíì, pàápàá bí ológbò bá wà nílé.

Ohun kejì wà tó tún dí ọ̀nà. Gíláàsì ilẹ̀kùn níbí kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ pín níyà yí etí ká, tí wọ́n sì dí pa. Gáàsì argon ló sábà máa ń wà láàárín wọn, kí òtútù má baà ráyè wọlé. Inú ọ̀pá náà ní hóró wẹ́wẹ́ tí ń mu ọ̀rinrin, bíi ti àpò kékeré inú páálí bàtà tuntun. Kódà bí gíláàsì náà kò bá jẹ́ toughened, ihò tí ẹ bá lù yóò tú gáàsì sílẹ̀, ọ̀rinrin á wọlé, kùrukùru á sì wà láàárín gíláàsì méjèèjì níbi tí ọwọ́ kò lè dé láti nù ún.

Nítorí náà, tuntun ni wọ́n ń ṣe. Ilé iṣẹ́ á gé gíláàsì méjèèjì, wọ́n á lu ihò náà sí wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ gíláàsì lásán, ìgbà náà ni wọ́n á tó wọ iléru. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n á fi ọ̀pá yí etí ká, wọ́n á fi òmíràn yí ihò ká, wọ́n á sì dí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó tún lè sún ihò náà ní mílímítà kan. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tó tẹ̀ lé e: ẹ kọ́kọ́ ra cat flap kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n lọ ṣe gíláàsì. Oníkálukú ló ní ìwọ̀n ihò tirẹ̀. Tèmi fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21, ó sì nílò òrùka àfikún kan tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ fún gíláàsì. Gíga rẹ̀ náà ṣe pàtàkì: kí ìsàlẹ̀ ọ̀nà ṣe déédéé ikùn ológbò, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀. Ẹ wo ìta pẹ̀lú, nítorí ilẹ̀ ìta sábà máa ń relẹ̀ ju ti inú lọ.

Bí ẹ bá ń háyà ilé, ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú gíláàsì àtijọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, wọ́n á dá a padà sáyè rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Èmi kò ní èyí tí mo lè tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ microchip, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ológbò, kò gùn. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2024 ló ti di dandan ní England pé kí ológbò ní i lábẹ́ awọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Nọ́ńbà 15 ló wà nínú rẹ̀. Cat flap tó lè kà á kì í ṣílẹ̀kùn fún ológbò aládùúgbò, tí ìyẹn kò sì ní máa wọlé wá jẹ oúnjẹ tiyín. Mo gbà pé owó rẹ̀ kò ṣòfò.

Gíláàsì tuntun dé, oníṣẹ́ náà fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yọ àwọn ọ̀pá ike tó di etí ilẹ̀kùn mú, ó gbé èyí tó kù jáde, ó gbé tuntun sí i, ó lu àwọn ọ̀pá padà. Ológbò yí ihò náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì lọ jókòó síwájú ilẹ̀kùn ńlá. "Myáù." Ọmọ mi ló fi sẹ́lótéèpù di abala ike náà sókè fún ọ̀sẹ̀ kan, tó gbé ẹja sí ìta. Ẹja titus ni. Òru ọjọ́ kẹsàn-án, nǹkan bí aago mẹ́ta, mo gbọ́ "tá" nísàlẹ̀. Mo dúró kí n gbọ́ ìkejì. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó dún.