Ìsapá aráàlú lórí ilé gbígbé ní Ìkòròdú

Ìsapá aráàlú lórí ilé gbígbé ní Ìkòròdú ni oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́, ayálégbé, onílé àti ẹgbẹ́ àdúgbò ń gbà rí ilé tí apá wọn ká, tí wọ́n sì ń gbà dáàbò bo èyí tí wọ́n ti ní. Èsúsú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, rírà ilẹ̀ pọ̀, ọ̀wẹ̀ àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní síídíéè, wà lára wọn. Ìjọba kọ́ ilé díẹ̀ sí agbègbè náà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé níbẹ̀, àwọn aráàlú ló fi owó ara wọn kọ́ ọ, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí

Ìkòròdú wà ní òkè ọ̀sà Èkó, ó sì bá Ìpínlẹ̀ Ògùn pààlà. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 535,619 sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ìkòròdú Àríwá, Ìkòròdú Ìwọ̀-Oòrùn, Ìgbógbó-Bàyẹ̀kú, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ̀ta ni ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè tí wọ́n dá sílẹ̀ lára rẹ̀ ní ọdún 2003.

Òṣìṣẹ́ ọ̀nà méjì ló ń du ilé níbẹ̀. Àwọn kan ń jí lọ sí Kétu, Yábàá tàbí Ìkẹjà lójoojúmọ́, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì BRT tó dé Ìkòròdú láti Máìlì 12 ní ọdún 2015. Àwọn kejì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ Odógunyàn, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì tí kò ní ìwé owó oṣù tó múná dóko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pólì títí di ọdún 2022 náà ń wá yàrá ládùúgbò kan náà. Bí ọ̀nà bá ṣe ń dára sí i ni owó ilé ẹ̀bá rẹ̀ ń gòkè, ẹni tí kò lágbára á wá máa sún wọnú, lọ sí Ìmọ̀ta, Àgùrà tàbí kó rékọjá sí Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbẹ̀, ilé dínwó, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ń gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ̀ẹ́ jù ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè owó ilé. Ẹni tó fẹ́ wọ yàrá àti pálọ̀ tí wọ́n pè ní ₦400,000 lọ́dún kì í san ₦400,000. Ájẹ́ǹtì á gba ìdá 10 nínú 100, lọ́yà tó kọ àgírímẹ́ǹtì á gba iye kan náà, onílé á sì tún gba owó kọ́ṣọ̀n fún ohun tó bá bàjẹ́. Bí kọ́ṣọ̀n náà bá jẹ́ ₦40,000, gbogbo rẹ̀ di ₦520,000. ₦85,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó kéde ní ọdún 2024. Ẹni tó ń gbà á yóò kó owó tó lé ní ti oṣù mẹ́fà jọ, láìjẹ, láìmu, láìwọkọ̀, kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Ìdí rèé tí gbogbo ohun tí aráàlú dá sílẹ̀ fi ń dá owó ńlá sí wẹ́wẹ́.

Òfin ayálégbé

Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kan Ìkòròdú. Kò fàyè gba onílé láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbé ilé tẹ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ gbà ju ti ọdún kan bó bá ń san lọ́dọọdún, tàbí oṣù mẹ́fà bó bá ń san lóṣooṣù. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ni òfin náà mú. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù kan fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, lẹ́yìn náà ni ìwé ọlọ́jọ́ méje yóò tẹ̀ lé e kí onílé tó lọ sí kóòtù. Kò sí onílé tó lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ilẹ̀kùn tàbí ṣí páànù lórí ayálégbé.

Rìsíìtì ni ayálégbé fi ń jà, òun náà sì ni púpọ̀ nínú wọn kì í gbà. Wọ́n á san owó sọ́wọ́ kiatékà, ẹni tó ń bójú tó ilé fún onílé, kiatékà á kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, ọjọ́ tí onílé bá yí i padà, ẹ̀rí ti sọnù. Owó tí wọ́n bá fi báǹkì ránṣẹ́ sí orúkọ onílé gan-an, tí wọ́n sì kọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí i, dára ju ìwé kiatékà lọ. Ilé Ìlàjà ti ìjọba Èkó ń gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò sì ní lo lọ́yà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹjọ́ owó ilé kọ́kọ́ dé.

Èsúsú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Èsúsú ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn 12 bá ń dá ₦50,000 lóṣù, ẹnì kan á kó ₦600,000 lóṣooṣù, ó sì tó wọ ilé tí a mẹ́nu bà lókè. Àwọn tí owó ilé ń súnmọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó ti kó lè má dá mọ́. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ kan fi ń ní kí ẹni tó máa kó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mú onídùúró wá, wọn kì í sì í fi ẹni tuntun síbẹ̀ rárá.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbára ju èsúsú lọ nítorí pé òfin mọ̀ ọ́n. Ó kéré tán, ènìyàn 10 ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á yan alága, akọ̀wé àti akápò, wọ́n á kọ òfin ẹgbẹ́, wọ́n á sì forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó alájẹṣẹ́kù. Bí ìwé ẹ̀rí bá ti jáde, ẹgbẹ́ náà lè ra ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Lọ́pọ̀ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ti ń dá owó fún oṣù mẹ́fà lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, pẹ̀lú onídùúró méjì.

Ibi tí ẹ̀yáwó yìí ti ń ṣẹ́ ni pé oṣù 18 tàbí 24 ni wọ́n ń fún ènìyàn láti san án padà, bẹ́ẹ̀ ilé kíkọ́ ń gba ọdún márùn-ún, mẹ́fà. Ẹlòmíràn á yáwó fún ilẹ̀, kò ní tíì san án tán kí ọmọ onílẹ̀ tó dé, á tún yá òmíràn. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti mọ èyí kì í fi owó lé ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mọ́: wọ́n ń san án fún ẹni tó ń ṣe bùlọ́ọ̀kù tàbí ẹni tó ń ta páànù tààrà, wọ́n á sì lọ wo iṣẹ́ kí wọ́n tó yọ̀ǹda ti ìpele tó kàn. Ọ̀nà yìí ló dára jù nínú gbogbo èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ń lò, kò sì náwó ju ọkọ̀ alábẹ̀wò lọ.

Rírà ilẹ̀ pọ̀

Ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120 ni pulọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdú, ìyẹn nǹkan bíi mítà 669 níbùú lóròó. Ààbọ̀ rẹ̀, 60 ní 60, ni òṣìṣẹ́ sábà máa ń rà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá rà á pọ̀, wọ́n lè gba éékà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní owó tó dín sí ti pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì pín owó sáfeyò àti ti lọ́yà láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ̀nà mọ́tò kúrò nínú éékà yìí kí wọ́n tó pín in. Ẹgbẹ́ tó bá gbàgbé èyí á rí i pé ẹni mẹ́wàá san owó, ilẹ̀ kò sì kárí wọn.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí sáfeyò tó ní ìwé àṣẹ lọ ka ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an, kó sì gbé iye tó kà lọ sí ọ́fíìsì olórí sáfeyò ìpínlẹ̀ ní Aláùsá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ ọ̀hún, bóyá ó ti dá a padà fún ìdílé, tàbí ó ti yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó. Bó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ìwé tó lè wò ó sàn. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ á wádìí ìdílé. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó ń ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà. Bí ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, kóòtù kò ka ọjà yẹn sí rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn ẹ̀ka tó kù, wọ́n lè yí ọjà náà padà.

Èyí tó ń dun àwọn olùrà ní Ìkòròdú jù ni ti ìdájọ́. Ìdílé méjì lè máa jà sí ilẹ̀ kan fún ogún ọdún kí ilé ẹjọ́ tó gbé e fún ọ̀kan. Ọjọ́ tí ìdájọ́ bá jáde, ìdílé tó borí á wọlé wá, á ní kí gbogbo ẹni tó rà lọ́wọ́ ìdílé kejì wá ra ilẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní ratífáì. Nítorí náà, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti ń gbé àdúgbò náà tipẹ́ bóyá ẹjọ́ wà nílẹ̀, kí lọ́yà sì wo ìwé kóòtù, ṣe pàtàkì tó sáfè.

Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni kíkọ ilẹ̀ sí orúkọ alága. Bí alága bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á rí ìwé ilẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á gbà pé ti bàbá àwọn ni, wọn kò sì purọ́, nítorí orúkọ bàbá wọn ló wà níbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló yẹ kó wà lórí ìwé, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà tó ní nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì tirẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fẹ́ kí gómìnà fọwọ́ sí i kí títà ilẹ̀ tó ti ní ìwé tó fìdí múlẹ̀. Ẹgbẹ́ lè gbà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn (kọnkéré àjà ilé òkè) àti owó páànù tí ọmọ onílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé lòdì sí òfin tí ìjọba Èkó ṣe sí àwọn ajagungbalẹ̀ ní ọdún 2016. Ó ṣòro fún ẹnì kan láti dá kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ ló lè kọ̀wé lọ sí ọ́fíìsì tó ń gbógun tì wọ́n lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́.

Kíkọ́lé díẹ̀díẹ̀

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 12 tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ń gba nǹkan bíi bùlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án 400, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì. Àpò sìmẹ́ǹtì kan (kílò 50) ń fún ni ní bùlọ́ọ̀kù 30 tó dára, nítorí náà àpò 13 tàbí 14 ló tó. Àwọn tó ń tà á máa ń yọ 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú àpò kan. Ìṣó ni a fi ń dán an wò: èyí tí ìṣó bá ha tí ó ń dà bí iyanrìn, ẹ má rà á. Bí ẹgbẹ́ bá ń ṣe tirẹ̀, kí wọ́n máa bomi rin ín láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, kí wọ́n má sì lò ó kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ilé tí kò ní páànù fún ọdún méjì, mẹ́ta ń jẹ ìyà òjò. Omi á gba ihò bùlọ́ọ̀kù òkè wọlé, á wú ògiri láti inú. Kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bo orí ìlà bùlọ́ọ̀kù ìkẹyìn kí wọ́n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Irin tó yọ lórí òpó náà ń dípẹtà kíákíá ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, Bàyẹ̀kú àti etí ọ̀sà gbogbo. Ẹ máa rí i tó ti pupa, tó ń ṣí bí èèpo. Sìmẹ́ǹtì pípò lómi tí wọ́n kùn ún á mú un pẹ́. Irin tó bá ti jẹ wọnú, kí wọ́n gé e, kí wọ́n so tuntun mọ́ ọn, nítorí òpó ilé òkè kò ní dúró lórí rẹ̀.

Ní ti ọ̀wẹ̀, wọ́n ṣì ń lò ó fún gbígbẹ́ ìpìlẹ̀, kíkó yanrìn àti dída kọnkéré ilẹ̀ tí bíríkìlà ń pè ní jámánì-fúlọ̀. Onílé á se oúnjẹ, á sì san owó bíríkìlà nìkan. Kì í ṣe ohun tí wọ́n lè lò fún dẹ́kìn, nítorí iṣẹ́ onímọ̀ ni.

Ẹgbẹ́ àdúgbò

Síídíéè ń ṣe ọ̀nà, gọ́tà, géètì àti ọdẹ òru. Ní ọdún 2016 àti 2017, nígbà tí àwọn apànìyàn Badoo ń ya wọ ilé pa ìdílé, àwọn kan sá fi ilé wọn sílẹ̀. Ìṣọ́ òru tí àwọn àdúgbò dá sílẹ̀ wà lára ohun tó mú wọn padà.

Transfọ́mà ni owó wọn ń bá lọ jù. Bí wọ́n bá ra tiwọn láìkọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ apíníná ṣe àdéhùn oníwèé, wọn kò ní rí owó náà gbà padà, bẹ́ẹ̀ ìlànà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí iná mànàmáná, ṣe ní ọdún 2015 fàyè gba kí wọ́n dá a padà fún wọn. Ní Májídùn àti etí odò Ògùn, ìkún omi ni wàhálà wọn, pàápàá ní oṣù Ọ̀wàrà nígbà tí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán. Gọ́tà àdúgbò kò lè dá omi yìí dúró. Kí ìpìlẹ̀ ga ju àmì omi ọdún tó burú jù lára ògiri aládùúgbò ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Onílé nìkan ló sábà máa ń jókòó ní ìpàdé síídíéè, bẹ́ẹ̀ ayálégbé náà ń san owó ọdẹ àti ti iná. Èyí kò tọ́, ó sì ń mú kí ọ̀rọ̀ owó ilé má dé ìpàdé rárá. Àdúgbò tó bá fi aṣojú ayálégbé kan sí ìgbìmọ̀ máa ń tètè rí ìjà ilé parí.

Ètò ìjọba

Ìjọba Èkó kọ́ ilé sí Ìgbógbó lábẹ́ ètò ilé rẹ̀ tó ń jẹ́ LagosHOMS. Nínú ètò háyà-di-tèmi tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, ìdá 5 nínú 100 ni ènìyàn ń kọ́kọ́ san, á sì fi ọdún 10 san ìyókù. Àpò Ilé ti ìjọba àpapọ̀ (NHF), tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, ń gba ìdá 2.5 nínú 100 owó oṣù, ó sì ń yáni lówó ní èlé ìdá 6. Òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè gba inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọlé síbẹ̀. Kí ẹni tí ilé iṣẹ́ ń yọ owó rẹ̀ máa béèrè ìwé tó fi hàn pé owó náà dé báǹkì àpò ọ̀hún, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń yọ ọ́, wọn kì í sì í fi í ránṣẹ́. Ẹni tó bá pé ẹni 60 ọdún láìyáwó lè gba gbogbo ohun tó dá padà pẹ̀lú èlé.