Ìtọ́jú egbò ẹnu àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ LED

Ìtọ́jú onímọ́lẹ̀ pupa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní photobiomodulation, ni ọ̀nà ìtọ́jú tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa, tàbí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa tí ojú kò lè rí, sí ara kí ìrora àti wíwú lè dínkù, kí ọgbẹ́ sì lè tètè jinná. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í jó ara, kì í sì í gé ẹran ara bí lésà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń lò. Ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ ni ìdènà egbò ẹnu tí kímò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) àti ìtànṣán máa ń fà fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Wọ́n ti dán an wò lórí ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú, àmọ́ àbájáde ibẹ̀ kò dọ́gba. Lésà ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyí. LED, iná kékeré tí kírísítálì ń tàn nínú rẹ̀, tí kò wọ́n tó lésà tó sì lè tàn ká ibi tó fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dé lẹ́yìn rẹ̀.

Egbò ẹnu

Sẹ́ẹ̀lì tó bo inú ẹnu kì í pẹ́ kú, òmíràn sì máa ń yára rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ń pọ̀ kíákíá ni oògùn kímò ń dojú kọ, nítorí náà bó ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni ó ń ba ti ẹnu jẹ́. Lára àwọn oògùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìyọnu yìí ni 5-fluorouracil, methotrexate àti melphalan. Egbò sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ 5 sí 10 lẹ́yìn tí oògùn bá wọ ara. Fún ẹni tí wọ́n ń tan ìtànṣán sí orí tàbí ọrùn, ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Kì í ṣe pé awọ ẹnu ṣàdédé bó. Stephen Sonis, onímọ̀ ìtọ́jú ẹnu ní Amẹ́ríkà, pín ìrìn àìsàn náà sí ìpele márùn-ún: sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ fara pa lábẹ́ awọ, àmì ìjà á máa jáde láti ara sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, àwọn àmì náà á ru ara wọn sókè, egbò á wá là, lẹ́yìn náà ni yóò jinná. Nígbà tí ojú fi rí egbò, iṣẹ́ ti ń lọ lábẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ìtọ́jú onímọ́lẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ kí egbò tó yọ rárá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní òṣùwọ̀n kan fún un, láti 0 dé 4. Ní ìpele kìíní ẹnu á pọ́n, á sì máa dunni. Ní ìkejì egbò ti là, àmọ́ aláìsàn ṣì lè jẹ oúnjẹ líle. Ní ìkẹta nǹkan olómi nìkan ló kù. Ní ìkẹrin kò lè gba ẹnu jẹun mọ́. Nínú ilé kan ní Ìjẹ̀bú, inú àwo oúnjẹ ni òṣùwọ̀n yìí ti máa kọ́kọ́ hàn. Ẹni tó wà ní ìpele kejì lè rí ìkókorẹ́ gbé mì bí wọ́n bá dín ata rẹ̀ kù gidigidi. Gàrí Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀, tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ pẹ́ kó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, yóò ta egbò nítorí kíkan tí àwọn èèyàn torí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bó bá di ìpele kẹta, ògì tí kò kan, tó sì ti lọ́ wọ́rọ́, ló kù.

Àwọn ọ̀nà ìdènà mìíràn wà. Ẹni tó ń gba 5-fluorouracil lójú ẹsẹ̀ láti inú abẹ́rẹ́ lè la yìnyín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oògùn lọ sí ẹnu lè dínkù. Omi ìfọnu benzydamine àti oyin náà wà nínú ohun tí àwọn ìlànà àgbáyé mẹ́nu bà.

Bí LED ṣe ń tàn

Bàbà máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá, rọ́bà kì í jẹ́ kó kọjá. Ohun tí wọ́n ń pè ní sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ wà láàárín méjèèjì: a lè fi èròjà kín-ún bù lé e kó lè gba iná kọjá bí a ṣe fẹ́. Nínú LED, apá méjì irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ ni ó fara kan ara wọn. Apá kan ní ẹlẹ́kítíróònù, ìyẹn ẹyọ kín-ún tó ń gbé iná, tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, èkejì ní àyè òfìfo tí ẹlẹ́kítíróònù lè já sí. Bí iná bá tì wọ́n pàdé, ẹlẹ́kítíróònù á já bọ́ sínú àyè náà, agbára tó sọ nù nígbà tó ń já ni yóò sì jáde bí ìmọ́lẹ̀. Kò sí wáyà kankan tó ń gbóná pupa bíi ti gílóòbù àtijọ́.

Bí ibi tí ẹlẹ́kítíróònù ti já bá ṣe ga tó ni ó ń pinnu àwọ̀. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: bí a bá fi gíga yẹn, ní ẹlẹ́kítíróònù-fóltì (ìwọ̀n agbára), pín 1240, gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ní nánómítà ni a óò rí. Gíga 1.85 ń fúnni ní 670, èyí tí í ṣe pupa. Gallium arsenide, tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.42, ń tàn ní bíi 870, tí ojú èèyàn kò lè rí. Nípa pípo gallium, aluminiomu, indium, arsenic àti phosphorus pọ̀ ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, àwọn onímọ̀ lè gbé ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí wọ́n fẹ́ gẹ́lẹ́.

Henry Round, tó ń bá ilé-iṣẹ́ Marconi ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ kọ ìròyìn, ní 1907, pé kírísítálì kan tàn nígbà tí òun fi iná sí i. Oleg Losev ní Rọ́ṣíà tún un ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1920. Ní 1962 ni Nick Holonyak, ní ilé-iṣẹ́ General Electric, ṣe LED pupa tí ojú lè rí. Búlúù ló pẹ́ jù. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ físíìsì ní 2014 nítorí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ búlúù tí wọ́n máa ń tẹ́ ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ pọ́n sí abẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn kì í ṣe ìtọ́jú tí à ń sọ níbí. Èyíinì ń yí èròjà tó ń mú ara ọmọ pọ́n padà kó lè bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde.

Ìdí tó fi jẹ́ pupa ni pé ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju nǹkan bíi nánómítà 600 lọ mì, omi inú ara sì ń gbé èyí tó gùn ju nǹkan bí 1000 lọ mì. Láàárín méjèèjì ni ojú fèrèsé wà. Ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná tọ́ọ̀ṣì lóru ti rí i fúnra rẹ̀: pupa nìkan ló ń yọ jáde láàárín ìka. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà, tí Tiina Karu ti Rọ́ṣíà wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀, ni pé èròjà kan nínú ilé agbára sẹ́ẹ̀lì, cytochrome c oxidase, ń gba ìmọ́lẹ̀ náà, sẹ́ẹ̀lì a sì lè ṣe agbára púpọ̀ sí i. Kò tíì sí ìfohùnṣọ̀kan pé òun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ náà.

Ìwádìí

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ló bí ìtọ́jú yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lésà rúbì, tí Theodore Maiman kọ́kọ́ ṣe ní 1960, kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ nígbà tí Endre Mester, oníṣẹ́ abẹ ní Budapest ní orílẹ̀-èdè Hungary, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí lésà lè ṣe nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ. Ó fá irun ara àwọn eku, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọn kan, ó sì rí i ní 1967 pé irun àwọn tí ìmọ́lẹ̀ bà tètè hù ju ti àwọn yòókù lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti mú un lọ sórí egbò ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná.

LED gba ojú ọ̀nà mìíràn wọlé. Àjọ NASA ti Amẹ́ríkà ń fi LED pupa gbin ọ̀gbìn nínú ọkọ̀ òfurufú ojú sánmà, Harry Whelan, dókítà àwọn ọmọdé ní Medical College of Wisconsin, sì gbé irú iná náà lọ sí ilé-ìwòsàn. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, àwọn ọmọ 32 tí wọ́n fẹ́ gba mùdùnmúdùn egungun gba ìmọ́lẹ̀ 670 nánómítà lójoojúmọ́ láti ìta ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ní ìwọ̀n agbára júùlù 4 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn wọn dára, àmọ́ iye ọmọ náà kéré, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé e ju bó ti wọ̀n lọ.

Èyí tó túbọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ wá láti Rio de Janeiro ní Bràsíìlì ní 2013. Àwọn 94 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, tí wọ́n ń gba kímò àti ìtànṣán pọ̀, ni wọ́n pín sí méjì. Gbogbo wọn jókòó fún lésà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ti ìdajì wọn kì í tan ìmọ́lẹ̀. Nínú 47 tó gba ìmọ́lẹ̀ 660 nánómítà, 3 ni egbò wọn dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin. Nínú 47 yòókù, 19 ni. Kírísítálì sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ ni lésà yẹn pẹ̀lú, ìbátan LED ni. Ní 2018 àjọ NICE, tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ìtọ́jú onímọ́lẹ̀ yìí, ìlànà àgbáyé ti MASCC/ISOO, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ń rí sí ìtura aláìsàn jẹjẹrẹ, tó jáde ní 2020 sì dámọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn tó ń gba mùdùnmúdùn àti àwọn tó ń gba ìtànṣán sí orí àti ọrùn. Inú ẹnu ni ìlànà náà ní kí wọ́n tan án sí, lésà sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí rẹ̀ dúró lé. LED ṣì ń lépa lésà.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ka ìwádìí wọ̀nyí kọ́kọ́ wá ni ìwọ̀n. Tí agbára ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ míllíwáàtì 50 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, ìṣẹ́jú-àáyá 80 ni yóò tó di júùlù 4. Bí wọ́n bá sún iná kékeré kan sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ohun tó ń dé ara lè ṣẹ́kù ìdá kan nínú mẹ́rin, ìṣirò àkọ́kọ́ á sì di asán. Ìdíwọ̀n tó kéré jù kì í ṣe nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì ti fi hàn, lè pa àǹfààní náà rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìròyìn ló kọ “lésà pupa” láì sọ agbára, àyè tó tàn dé àti àkókò, irú wọn kò sì ṣeé tún ṣe níbòmíràn. Ooru pẹ̀lú ń yí ìwọ̀n padà: bí LED bá ṣe ń gbóná sí i ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dínkù, tí ìgbì rẹ̀ sì ń gùn díẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n wọ̀n nínú yàrá tútù lè má fúnni ní iye kan náà nínú yàrá aláìsàn tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbóná.

Àwọ̀ ara náà kàn án. Mẹ́láníínì tó mú awọ dúdú ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa sára, nítorí náà èyí tó ń kọjá wọlé láti ìta ẹ̀rẹ̀kẹ́ dínkù lára èèyàn dúdú, awọ náà sì ń tètè móoru. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ni wọ́n ṣe láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Bí wọ́n bá ti inú ẹnu tan án, ìyàtọ̀ náà dínkù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé erìgì ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Wọ́n ti dán ìmọ́lẹ̀ yìí wò lẹ́yìn yíyọ eyín ọlọ́gbọ́n, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ àti fún apá tó wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú. Àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀rọ lésà kan láyè fún irú wíwú apá bẹ́ẹ̀. Lórí eyín ọlọ́gbọ́n, àwọn ìwádìí kan rí ìrora tó dínkù, àwọn mìíràn kò rí ìyàtọ̀.

Ààbò

Aláìsàn àti nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ bo ojú, pàápàá fún lésà àti fún ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ìbéèrè tó wúwo jù ni bóyá ìmọ́lẹ̀ tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lókun kò ní fún ti jẹjẹrẹ pẹ̀lú lókun. Àwọn iṣẹ́ kan lórí sẹ́ẹ̀lì inú àwo fi hàn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí Rio de Janeiro padà wo aláìsàn wọn, nínú ìròyìn tó jáde ní 2017, wọn kò rí i pé àwọn tó gba ìmọ́lẹ̀ ṣe búburú ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, ìṣọ́ra tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n má tan án tààrà sí ibi tí kókó jẹjẹrẹ wà.

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ilé-ìwòsàn ńlá méjì tí ó ń kọ́ dókítà wà ní agbègbè yìí: ti Fásitì Ọlábísí Ọnàbáǹjọ ní Ṣàgámù, àti ti Fásitì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Nítorí ìtànṣán, ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń lọ sí ilé-ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní Èkó, níbi tí ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, tàbí sí ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn.

LED pupa kan kò nílò ju nǹkan bíi fóltì 2 lọ, nítorí náà bátìrì tàbí iná oòrùn lè gbé e láìsí wàhálà bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n gílóòbù pupa tí wọ́n ń tà fún òde ìnáwó ní ọjà Òkè-Ajé kì í ṣe ohun èlò ìtọ́jú. Òmíràn nínú wọn jẹ́ LED funfun tí wọ́n fi ike pupa bò, kì í sì í sí ìgbì tàbí agbára lórí àpótí rẹ̀.

Ìtànṣán orí àti ọrùn sábà máa ń gba ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje. Nínú iṣẹ́ ti Rio de Janeiro, kí aláìsàn tó wọlé fún ìtànṣán lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lẹ́nu. Fún ìdí èyí, ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ sí Ṣàgámù lè wúlò fún ẹni tó ń gba kímò níbẹ̀, àmọ́ kò lè ran ará Ìjẹ̀bú-Òde tó ń sùn ní Èkó láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì lọ́wọ́, àfi bí irú rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán fúnra rẹ̀.