Impluvium: Ilé Tí Òrùlé Rẹ̀ Ń Da Òjò Sínú Àgbàlá

Impluvium ni àwọn ayàwòrán-ilé ń pe ilé tí wọ́n kọ́ yí àgbàlá ká, tí òrùlé rẹ̀ dagun wá sí inú, tí àárín rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Bí òjò bá ń rọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa dà sí àgbàlá kan náà; wọ́n a gbé ìkòkò sí i, èyí tó bá ṣẹ́kù a sì gba ihò abẹ́ ògiri jáde. Láyé àtijọ́ ní Róòmù, adágún omi kékeré tí wọ́n gbẹ́ sí ilẹ̀ ilé nìkan ni orúkọ náà wà fún, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òde òní ń lò ó fún gbogbo ilé náà. Àwọn àgbà tó gbé inú àkòdì rí ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní Iléṣà mọ irú ilé yìí dáadáa.

Omi ni ènìyàn kọ́kọ́ ń rí, ṣùgbọ́n àgbàlá náà ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Yàrá ilé alámọ̀ kì í sábà ní fèrèsé ńlá tó kọjú sí ìta; ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń fún un ní ìmọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti gbóná a gba ojú àgbàlá lọ sókè, èyí tó tutù lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì rọ́pò rẹ̀. Ní ti omi, ìṣirò rẹ̀ kò le: òjò mílímítà 1 lórí òrùlé tó jẹ́ mítà 1 níbùú lóòró yóò fúnni ní omi lítà 1. Bí òrùlé tó kọjú sí àgbàlá bá tó 60 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, tí òjò mílímítà 20 sì rọ̀ ní ọ̀sán kan, omi tó dà sí àgbàlá yóò jẹ́ lítà 1,200. Omi tó pọ̀ tó báyìí lè wó ilé. Bí ihò rẹ̀ bá dí, ìdí ògiri amọ̀ a mu omi, a rọ̀, a sì ya lulẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo ilẹ̀ kí n tó wo ògiri ní ibikíbi tí mo bá dé. Ní Pompeii ní Ítálì, ìlú tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, òkúta aláwọ̀ mèremère ni wọ́n fi tẹ́ adágún inú àwọn ilé ọlọ́rọ̀, omi rẹ̀ a sì ṣàn lọ sínú kòtò ìpamọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ní Xidi àti Hongcun, ní gúúsù agbègbè Anhui lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, àgbàlá náà há, ó sì ga, àwọn onílé sì gbà pé ọrọ̀ ni omi òjò, pé kò yẹ kí ó ṣàn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn Jola ní Enampore, ní Casamance lórílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, ń kọ́ tiwọn róbótó, nítorí pé omi iyọ̀ pọ̀ ní agbègbè wọn, omi òjò sì ṣe iyebíye. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé alágbàlá ni impluvium o. Àgbàlá Kìnnìún ní ààfin Alhambra ní Granada, lórílẹ̀-èdè Spéìn, lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n láti odò Darro ni wọ́n ti la ojú omi wá síbẹ̀; òrùlé kọ́ ló ń bu omi fún un.

Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù. Ní Ìta Yemòó, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́jú ilẹ̀ ti ṣalábàápàdé àwọn ère onídẹ ní 1957, awalẹ̀pìtàn Frank Willett hú ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Lẹ́yìn náà, awalẹ̀pìtàn mìíràn, Peter Garlake, hú irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalárá àti ní Wóyè Àṣírí. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà pẹlẹbẹ. Wọ́n nà án ró ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n fún un mọ́ra, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìlà tó dagun bí egungun ẹja. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni iṣẹ́ yìí gbilẹ̀. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwoo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. N kò ní ìjà pẹ̀lú ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n níbi tí àpáàdì bá ti wà nínú àgbàlá, mo gbà pé ilẹ̀ àti òrùlé kò ṣeé yà sọ́tọ̀: òrùlé tó ń da gbogbo òjò rẹ̀ sí ojú kan nílò ilẹ̀ tí omi kò lè rẹ̀, àpáàdì sì ti la iná kọjá. Ó dùn mí pé a máa ń júwe ọnà ilẹ̀ náà fún àlejò, tí a kì í sì í dárúkọ òrùlé tó wà lókè rẹ̀.

Irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ló bá àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú ilé ọnà ní Chicago báyìí, ó dá dúró, láìsí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá tó yẹ kí ó kọjú sí.

Páànù wà lára ohun tó jẹ́ kí irú ilé yìí dínkù. Ewé gbodogì ṣeé tẹ̀ yí igun inú ká, ṣùgbọ́n ibi tí páànù méjì ti pàdé ní igun inú ni ó sábà ń jò, ó sì rọrùn láti kan páànù sórí ilé tí yàrá rẹ̀ kọjú síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àárín kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àkòdì lónìí gbọ́dọ̀ mójú tó igun wọ̀nyẹn lákọ̀ọ́kọ́, kí ó tẹ́ páànù pẹrẹsẹ tó fẹ̀ sábẹ́ wọn, kí ó jẹ́ kí àárín àgbàlá rẹlẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, kí ó sì da omi púpọ̀ sí i láti wò bí ihò ìṣàn rẹ̀ bá gbà á, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.