Pọ́ńtà: bí Python àti Pascal ṣe lè jọ lo nọ́ńbà rẹpẹtẹ láìkó o kiri

Àwọn ìyá aláró Òṣogbo kì í ru ìkòkò aró lọ bá aláṣọ. Ìkòkò wà lójú kan nínú àgbàlá. Ẹni tó bá fẹ́ pa aṣọ láró ló máa béèrè ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní pọ́ńtà nínú kọ̀ǹpútà: nọ́ńbà kan tó ń sọ ibi tí dátà wà nínú mẹ́mọ́rì.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Súfèyọ̀ kan ní Òkè-Fíà ní prógíráàmù Pascal àtijọ́ tó ń ṣírò gíga ilẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi Python ṣa dátà. Èdè tí a fi ń kọ prógíráàmù ni Pascal àti Python. Ojú ilẹ̀ mílíọ̀nù kan, nọ́ńbà mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní kí Python kọ gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì CSV (fáìlì lẹ́tà tí kọ́mà pín nọ́ńbà inú rẹ̀), kí Pascal wá kà á. Bàbá á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á lọ ra àkàrà, wọ́n á padà dé. "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣé ẹ̀rọ yín ń sùn ni?"

Kò sùn o. Nọ́ńbà tó gba báìtì (ìwọ̀n ààyè mẹ́mọ́rì) 8 péré ni mo ní kó sọ di lẹ́tà, kó kọ ọ́ sí dísìkì, kí ẹlòmíì tún wá ka lẹ́tà yẹn padà sí nọ́ńbà, nígbà mílíọ̀nù mẹ́ta.

Àwọn kan á ní kí a gbé list Python (àkójọ tí Python ń lò) fún Pascal tààrà. Ìyẹn náà kò dáa. List kì í kó nọ́ńbà jọ, àdírẹ́sì ló ń kó jọ: nínú CPython 64-bit (Python tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò), àdírẹ́sì kan gba báìtì 8, nọ́ńbà float (nọ́ńbà oníìdá) tó ń tọ́ka sí sì jókòó síbòmíì pẹ̀lú báìtì 24. Pascal á máa kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Áréè NumPy (láíbúrárì Python fún nọ́ńbà rẹpẹtẹ) ni ti wa. Nọ́ńbà float64 inú rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, báìtì 8, báìtì 8, bí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò. Bí array of Double ṣe rí nínú Pascal náà nìyẹn, nítorí ìlànà IEEE 754 (fún títọ́jú nọ́ńbà oníìdá) kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé. Mílíọ̀nù mẹ́ta jẹ́ mẹ́gábáìtì 24, a ò sì ní gbé ìkankan nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì àkọ́kọ́ àti iye tó wà níbẹ̀ ti tó.

Lápá Pascal, nínú láíbúrárì:

procedure Gbe(p: PDouble; n: Int64); cdecl;

Lápá Python, pẹ̀lú ctypes, tó ń jẹ́ kí Python pe láíbúrárì èdè mìíràn (lib ni láíbúrárì Pascal yẹn, a ni áréè wa):

lib.Gbe(a.ctypes.data_as(POINTER(c_double)), c_int64(a.size))

Ẹ má yọ cdecl yẹn kúrò. Òun ló ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn nípa bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́.

Ibi tó ti ń dùn náà ló ti ń kan. Tí ẹ bá kọ Extended dípò Double, ó lè jẹ́ báìtì 10 lórí ẹ̀rọ kan, kó sì jẹ́ 8 lórí òmíràn. Integer inú Free Pascal (ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpáílà Pascal), báìtì 2 ni ní ipò àtilẹ̀wá rẹ̀, ó di 4 tí ẹ bá tan ipò Delphi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ Int64 gbangba. Array of array of Double nínú Pascal kì í ṣe ògiri kan, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀, ẹ má fi pọ́ńtà kan ṣoṣo wá gbogbo rẹ̀. Èyí tó sì burú jù: bí Python bá ti da áréè nù, tí Pascal ṣì di àdírẹ́sì mú, ó ń ki aṣọ bọ ìkòkò tí wọ́n ti dojú rẹ̀ dé. Prógíráàmù á kú lójijì, tàbí kó máa gbé èsì tí kò mọ́gbọ́n wá jáde. Èyí kejì ló ń pa ènìyàn.

Áréè tí ẹ fi a[::2] gé náà ń fo nọ́ńbà, kò fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn mọ́. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń kọ́kọ́ kọ:

a = np.ascontiguousarray(a, dtype=np.float64)

Bó bá ti wà bó ṣe yẹ tẹ́lẹ̀, kò ní ṣe ẹ̀dà rárá. Bí kò bá wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà tuntun ló máa fún yín, inú ẹ̀dà yẹn ni Pascal á kọ èsì sí. Ẹni tó bá padà lọ wo áréè àtijọ́ á bá nọ́ńbà àná níbẹ̀.