Bí jẹjẹrẹ bá padà, ṣé ó ti parí nìyẹn?

Tí ẹbí bá ti gbọ́ pé jẹjẹrẹ ọyàn tí obìnrin kan ti tọ́jú tún yọjú, wúyẹ́wúyẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kó ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n á fẹ́ pín àwọn ọmọ sọ́dọ̀ àwọn àǹtí, ẹlòmíì á tiẹ̀ ní kó má fowó ṣòfò mọ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé jẹjẹrẹ tó bá ti padà, ó parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìwà ìkà gbáà ló sì ń mú ká hù sí àwọn ìyá wa.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi dọ́kítà ni pé, ibo ló padà sí? Bó bá jẹ́ ọyàn kan náà, ojú àpá iṣẹ́ abẹ tàbí abíyá, tí kò tíì dé ibòmíì, wọ́n ṣì lè tọ́jú rẹ̀ kó lọ pátápátá. Bó bá ti dé egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ, mi ò ní tàn yín, irú èyí kì í sábà lọ tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru náà kì í lọ tán, oògùn là ń fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Jẹjẹrẹ le jù ú lọ fíìfíì, àmọ́ ohun tí dọ́kítà ń lé náà nìyẹn: kó má gbilẹ̀, kí ìrora dínkù, kí ẹ̀mí gùn. Ti ẹlòmíì kì í pẹ́, ẹlòmíì sì ń lo ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọ́n tún máa ń ní iṣẹ́ abẹ ló tú u ká, tàbí pé àwọn ayé ni ò fi í sílẹ̀. Rárá o. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó kéré débi pé àyẹ̀wò kankan ò lè rí i ti lè kúrò nínú ọyàn kí abẹ tó kàn án rárá, kó lọ lúgọ sínú egungun. Irú jẹjẹrẹ tí họ́mọ̀nù ń bọ́ lè dákẹ́ fún ọdún 10, kódà 20. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fúnni ní tamoxifen, oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù náà lọ́wọ́, lójoojúmọ́ fún ọdún 5 sí 10, tí kò sì yẹ kéèyàn dá a dúró torí pé ara ti yá. Irú tí wọ́n ń pè ní triple-negative, èyí tí họ́mọ̀nù kì í bọ́, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ, kì í sábà dúró tó bẹ́ẹ̀. Tó bá máa padà, láàárín ọdún 3 sí 5 àkọ́kọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó padà sì lè ti yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, torí náà ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń dùn mí jù. Owó àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ wa fi ń tọ́jú ara ní Nàìjíríà. Tẹ́ ẹ bá ní kó fi ọjà sílẹ̀, níbo ni owó kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, á ti wá? Mo mọ ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń gba kímò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ ló ń jókòó ti ọjà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, òun fúnra rẹ̀ á ti wà níbẹ̀ tó ń na léèsì fún oníbàárà. Ara kàlẹ́ńdà kan náà ló kọ ọjọ́ kímò àti ọjọ́ ìdánwò àwọn ọmọ sí. Ó sì ti dárúkọ àìsàn náà fún wọn. Mo fara mọ́ ọn, torí ọmọ tí wọn ò bá sọ nǹkan kan fún lè máa rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ni. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan náà, kí wọ́n sùn tì í.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ lọ gbé àwọn ọmọ ní iléèwé lọ́jọ́ kímò, kẹ́ ẹ dá wọn padà sọ́dọ̀ ìyá wọn nírọ̀lẹ́.

Ara gbígbóná nìkan ni kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjà tàbí ọmọ. Kímò máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù, pàápàá láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á. Bí tẹmómítà bá fi lè ka 38, ẹ má ṣe rò pé ibà lásán ni, kẹ́ ẹ wá máa wá oògùn ibà tàbí agbo fún un. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ì báà jẹ́ òru.